Ibùsùn Abẹ̀rẹ̀wọlé

Ẹ̀gbọ́n mi kì í da nǹkan nù. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará àdúgbò fi sọ ọ́ ní Má-dà-á-nù, ó sì ń jẹ́ orúkọ náà bí ẹni jẹ oyè. Bí wọ́n bá ń wó ilé níbikíbi nínú ìlú yìí, kí eruku tó rọlẹ̀ ló ti débẹ̀ pẹ̀lú ọmọlanke rẹ̀, tó ń bẹ àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n má dáná sun pákó. Bí ìjì bá fa igi ẹ̀gbẹ́ títì tu, ó ti gbọ́. Bí ilé ìwé bá pààrọ̀ àga, bí ọ́fíìsì bá hú pákó ilẹ̀ rẹ̀ kúrò, ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo rẹ̀ ń bọ̀. Ó ń fi wọ́n ṣe tábìlì, àga àti kọ́bọ́ọ̀dù, àwọn èèyàn sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá rà wọ́n. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Ìwà rẹ̀ ni mo ń bá jà.

Ẹ ó rí i pé "ó" ni mò ń pè é. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni, torí àgbà ló jẹ́ sí mi, ìyá wa kò sì kọ́ wa ní ìwà àrífín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ la wà yìí, inú sì ń bí mi.

Ilé iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ti ń ṣe àga tuntun ló ti kọ́ iṣẹ́. Wọ́n ní kó kó àwọn ilẹ̀kùn àtijọ́ kan lọ sun ní ẹ̀yìnkùlé, ó kó wọn lé orí, ó gbé wọn wálé. Wọ́n lé e níṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìyá wa bi í pé kí ló gbé wálé yẹn, ó ní iṣẹ́ òun ni. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Obìnrin kan fẹ́ fẹ́ ẹ nígbà kan, ó bi í pé nínú òun àti pákó, èwo ni yóò gba yàrá. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó jẹ́ kí òun lọ rò ó. Ó ṣì ń rò ó títí dòní, obìnrin yẹn ti bímọ fún ẹlòmíì.

Èmi ni mò ń parí iṣẹ́ fún un. Tó bá ti kan nǹkan tán, èmi ni màá fi sáńpépà ha á títí táá fi dán, èmi ni màá fi òróró pa á. Ṣáájú ìyẹn, èmi náà ni mò ń yọ ìṣó. Igi tó ti wà lára ilé láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi, ìṣó inú rẹ̀ ju eyín ẹnu lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbà kí n da ìṣó náà nù. Ó ní kí n fi òòlù nà wọ́n kí wọ́n tọ́, kí n kó wọn sínú agolo. Agolo ìṣó wà lábẹ́ tábìlì, ó wà lójú fèrèsé, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ṣí agolo ṣúgà wa, ìṣó ni mo bá nínú rẹ̀. Mo bi í pé ṣúgà dà. Ó ní ó wà nínú ọ̀rá, pé ìṣó á lu ọ̀rá, ṣùgbọ́n ṣúgà ò lè lu ú. Kí lèèyàn fẹ́ sọ sí irú ìyẹn?

Ohun kan wà tó ń ṣe tó yàtọ̀ sí ti àwọn káfíńtà yòókù. Kì í fi téèpù wọn ẹni tó fẹ́ ṣe àga fún. Ó ní téèpù ò mọ èèyàn. Á ní kí oníbàárà bọ́ bàtà, kó jókòó sórí àpótí, á wá mú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, á fi wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀yìn orúnkún dé gìgísẹ̀, á fi ọ̀bẹ sàmì sí i. Ọ̀pá náà ti di ti onítọ̀hún nìyẹn. Á so ó mọ́ ara ògiri pẹ̀lú ti àwọn yòókù: ọ̀pá tíṣà, ọ̀pá ìyá ìbejì, ọ̀pá dókítà eyín. Ọ̀gá báńkì kan ní òun máa fi ìwọ̀n tòun ránṣẹ́ lórí fóònù, torí òun ò ráyè. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó lọ jókòó sórí fóònù náà. Ọkùnrin náà padà wá fúnra rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti lu níbi àtàǹpàkò, ẹ̀gbọ́n mi sì wọ̀n ọ́n láìrẹ́rìn-ín.

"Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá kanlẹ̀ lórí àga," ohun tó máa ń sọ fún gbogbo wọn nìyẹn, "kò jókòó. Wọ́n gbé e kọ́ ni."

Ìyá wa ló fa ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń gbé. Bẹ́ẹ̀dì wọn àtijọ́ rẹlẹ̀ débi pé èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ kó tó dùbúlẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń tiraka láti dìde lórí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n ti ṣubú, eegun ìbàdí wọn sì dá. Ọsíbítù dá wọn dúró, wọ́n to eegun náà, ó jinná. Ṣùgbọ́n nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n wálé, obìnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ìrìn pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀yin méjèèjì ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́," ó ní. "Bí Màmá ò bá lè dá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì wọn láìsí ẹni tó fà wọ́n, wọ́n á tún ṣubú. Èmi fúnra mi ni màá mú wọn wálé. Tí mo bá rí i pé wọ́n dìde, mo ti fi wọ́n sílẹ̀ fún yín nìyẹn. Tí wọn ò bá lè dìde, ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà la máa gbé wọn lọ lọ́jọ́ náà."

Ìyá wa ń gbọ́ ọ láti orí bẹ́ẹ̀dì wọn. Kò sí ohun tó ṣe etí wọn.

"Mi ò lọ sílé arúgbó kankan," wọ́n ní fún mi. "Ẹ ò sì ní máa gbé mi dìde bí àpò sìmẹ́ǹtì. Lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ, bẹ́ẹ̀dì tí mo lè dìde lórí rẹ̀ ni mo fẹ́."

Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká ra bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ń tà á ní títì kejì. Wọ́n á gbé e wá lónìí."

Ó wò mí bí ẹni tí mo ṣépè fún. "Kí ìyá mi lọ sùn sórí ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n fi gúlúù lẹ̀ pọ̀? Èmi tí mò ń ṣe bẹ́ẹ̀dì fún ẹni tí mi ò mọ̀ rí?"

Mo mọ igi tó fẹ́ lò kó tó ya ẹnu. Nígbà tí wọ́n wó ilé tí wọ́n ti bí wa kí wọ́n lè fẹ títì, ohun tó rù wálé nínú gbogbo ilé náà ni férémù ilẹ̀kùn ìta: òpó méjì, àti àtẹ́rígbà tó dùbúlẹ̀ lé wọn lórí. Igi líle ni, ó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Ìyá wa ga púpọ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge. Ilẹ̀kùn náà ò gbà wọ́n. Wọ́n ní láti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó wọlé, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó jáde, títí gbogbo àdúgbò fi ń pè wọ́n ní Abẹ̀rẹ̀wọlé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń kánjú, tí wọn ò bẹ̀rẹ̀ tó, gèlè wọn á ha àtẹ́rígbà náà. Ojú ibẹ̀ dúdú, ó sì ń dán títí dòní. Àwọn oníbàárà ti bẹ ẹ̀gbọ́n mi títí lórí igi yẹn. Ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní ọjọ́ tí òun máa lò ó kò tíì pé.

"Ọjọ́ náà ti pé wàyí," ó ní. "Òpó á di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, àtẹ́rígbà á wà lápá ibi orí."

"Ó dáa. Ẹ wá sí ọsíbítù ká wọn ẹsẹ̀ wọn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá tó bí mi ni kí n máa wọ̀n bí àlejò? Mo ti mọ gíga wọn kí wọ́n tó bí ẹ."

"Màámi ti kéré, bọ̀ọ̀dá mi."

"Èèyàn kì í sún kì bí aṣọ tí wọ́n fi omi gbígbóná fọ̀."

Ó ń ṣe mí bíi kí n kígbe. Ọkùnrin tó ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ọ̀gá báńkì. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, gbogbo wa la mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, ọ̀bẹ kì í bá èèyàn jiyàn.

Kì í ṣe pé kì í lọ kí wọn. Ó ń lọ dáadáa. Àmọ́ orí ìdùbúlẹ̀ ló máa ń bá wọn, pẹ̀lú aṣọ ìbora dé àyà, á jókòó sápá ibi orí wọn, á máa ròyìn igi fún wọn títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n. Èmi ni mo mọ̀ pé obìnrin tó ń bẹ̀rẹ̀ kí orí rẹ̀ má gbá àtẹ́rígbà, apá mi kan ti ká a báyìí.

Nígbà tí mo rí i pé kò ní gbọ́, mo mú okùn kan lọ sí ọsíbítù. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ ìrìn gbé wọn jókòó sórí àga, mo wọn ẹsẹ̀ wọn láti ẹ̀yìn orúnkún dé gìgísẹ̀, bí mo ṣe ń rí i tó ń ṣe é, mo ta kókó sí i, mo gbé e lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Okùn máa ń fà," ó ní, ó sì tì í bọ àpò.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo rí okùn mi. Ó ti fi di ìdì pákó kan sí kọ̀rọ̀, ó sì ti gé ibi tí mo ta kókó sí jù síta, torí kókó náà ò jẹ́ kí okùn wọlé dáadáa. Ẹni tí kì í da ìṣó tó ti dípẹtà nù. Ohun kan ṣoṣo tó dànù láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, òun ni ìwọ̀n ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Mo sọ̀rọ̀, mo sọ̀rọ̀, ó kọ etí ikún sí mi.

Iṣẹ́ náà ò sì yá. Òpó àkọ́kọ́ tó gbé sórí ayùn oníná, ìṣó kan tó sá pamọ́ sínú rẹ̀ kán eyín ayùn náà. Èmi ni mo yọ ìṣó òpó yẹn, nítorí náà èmi ló dá lẹ́bi. Mo ní ká lọ ra ayùn mìíràn. Ó ní rárá, ọwọ́ ni òun máa fi gé e.

"Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké," ó ní.

Mo ní oyin wo. Ó ti ń fá igi lọ. Á fá a díẹ̀, á dúró, á fi ọwọ́ pa á, á gbóòórùn rẹ̀, á pè mí kí n wá wo bí ojú igi ṣe ń yọ. Màá wò ó. Ó dára. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn, pé ó dára, bẹ́ẹ̀ Màámi ń bi mí lójoojúmọ́ pé ṣé bẹ́ẹ̀dì ti tán.

Nígbà tó yá, mo kó aṣọ mi lọ sí ọsíbítù, mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún un. Kò sí ìjà tí mo tún lè jà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyá wa máa wálé, mo ṣáájú mọ́tò wọn. Mo bá bẹ́ẹ̀dì náà nínú yàrá, ó ti tò ó, ó ti tẹ́ fóòmù sí i. Mi ò rí bẹ́ẹ̀dì tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Àtẹ́rígbà yẹn wà lápá ibi orí, ó fi òróró pa á, ibi tó dúdú sì wà láàárín gbùngbùn rẹ̀. Inú mi fẹ́ dùn. Mo wá sún mọ́ ọn, mo rí i pé fóòmù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn mí ní ìbàdí.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ó ga."

"Ó ga fún ta?"

Kí n tó dáhùn, fèrè mọ́tò ọsíbítù ti dún níta.

Olùkọ́ ìrìn gbé ìyá wa sórí àga onítáyà, ó tì wọ́n wọlé, ó fi ọ̀pá onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wọn kọ́ apá. Èmi àti òun la jọ gbé wọn sórí bẹ́ẹ̀dì. Obìnrin náà wo ojú wọn, ó wá wo ilẹ̀. Èmi náà wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyá wa méjèèjì ń fì, bíi ti ọmọ tí wọ́n gbé jókòó sórí tábìlì.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rín náà ò tíì mọ̀ pé ó yẹ kí òun máa lọ.

Ìyá wa fi ọwọ́ pa igi ẹ̀gbẹ́ wọn. Wọ́n yíjú sẹ́yìn, wọ́n rí àtẹ́rígbà, wọ́n fi ìka kan ibi tó dúdú. Mo rí i pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n wá wo ẹsẹ̀ ara wọn.

"Ta lo ṣe bẹ́ẹ̀dì yìí fún?"

"Ẹ̀yin ni, Màámi."

"Èmi wo?"

Ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ má bínú," olùkọ́ ìrìn ní. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Bẹ́ẹ̀dì yìí dára, ṣùgbọ́n Màmá ò lè tibẹ̀ dìde. Ṣe ni wọ́n á yọ̀ ṣubú. Mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀ síbí." Ó ti ń fa àga onítáyà padà. Ìyá wa fi ọwọ́ méjèèjì di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Wọn ò bẹ ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn dì í mú.

Mo ti ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi láti ọjọ́ tó ti gé okùn mi. Mo ti tò ó jọ, mo mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀, mo mọ ibi tí màá parí rẹ̀ sí. Mo wo ojú rẹ̀, mi ò lè sọ ọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún bí mi pé àánú rẹ̀ ń ṣe mí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀," ó ní fún obìnrin náà. "Mi ò wọ̀n wọ́n ni."

Ó lọ mú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wá láti ṣọ́ọ̀bù. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá wa, ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ wọn, bó ṣe ń ṣe fún tíṣà àti dókítà eyín. Ó gbé ọ̀pá sẹ́yìn orúnkún wọn, ó wo ibi tí gìgísẹ̀ wọn mọ. Ó tún un wọ̀n. Kò gba ojú rẹ̀ gbọ́, ó tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ di gìgísẹ̀ náà mú. Ó pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀.

"Ìgbà wo ni, Màámi?" ó bi wọ́n.

"Ìgbà tí ò ń wo pákó," wọ́n ní.

A gbé wọn sórí àga, a da bẹ́ẹ̀dì náà dojú dé. Torí pé ayùn oníná ti bàjẹ́, ayùn ọwọ́ ló fi gé e. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú fún un. Igi tí kò jẹ́ kí oníbàárà kankan fọwọ́ kàn, tó fá títí tó ń gbóòórùn rẹ̀, ó ń gé e, òógùn ń kán sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ohun tó gé kúrò lára ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn ju ọwọ́ mi lọ, láti ọrùn ọwọ́ dé ṣóńṣó ìka. Olùkọ́ ìrìn wo aago rẹ̀, ó tún wo ìyá wa, ó wá fa àpótí àwọn oníbàárà sún mọ́ra, ó jókòó. Kò sọ̀rọ̀ lílọ mọ́.

Nígbà tí a gbé bẹ́ẹ̀dì náà nàró, tí a sì gbé ìyá wa padà sórí rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn tẹ́ pẹrẹsẹ sórí ilẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà wò. Obìnrin náà kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn kí a lè rí i pé kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìyá wa tẹ̀ síwájú, wọ́n fi ọwọ́ ti etí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbin díẹ̀, wọ́n dìde. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n ń wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wá alárìíwísí.

"Ó ti tán," olùkọ́ ìrìn ní. "Mo ti fi wọ́n sílẹ̀ fún yín."

 Ìyá wa ti gba ọ̀pá onírin wọn, wọ́n ní àwọn fẹ́ wo títì. Wọ́n gba àárín ṣọ́ọ̀bù kọjá, wọ́n ń fi ọ̀pá náà ti agolo ìṣó kúrò lọ́nà, wọ́n ń kùn pé ilé yìí ò mọ́. Mo tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi náà tẹ̀ lé wọn, ó kó ìkékù òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ àyà. Kò ní dà wọ́n nù, mi ò tiẹ̀ béèrè.

Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wa kì í ṣe ilẹ̀kùn èèyàn. Ara ilé ìkẹ́rù kan tí wọ́n wó ló ti hú u wá, kọ́bọ́ọ̀dù tó dúró ṣánṣán ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí ìyá wa ṣe rí báyìí, bí wọ́n bá gun èmi lọ́rùn, orí wọn ò ní kan òkè rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà náà, wọ́n dúró. Wọ́n tẹrí ba, wọ́n bẹ̀rẹ̀ dáadáa, wọ́n fi ọwọ́ kan di gèlè wọn mú, wọ́n sì jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìgúnpá gún mi.

"Ṣé o rí i?" ó ní. "Mo sọ fún ẹ pé wọ́n ga."

Láti ọjọ́ tí èmi àti ẹ̀ ti ń jiyàn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbà fún un.